Iná Tí Mo Yàn fún Iyùn Àlàájì Jímọ̀

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé garawa omi iyọ̀ tó kẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì hòtẹ́ẹ̀lì kan, èjìká mi ń ro mí, mo sì fẹ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn kí n sinmi díẹ̀, ni fóònù mi bá dún. Àlàájì Jímọ̀ ni. Wọn kò dúró kí n kí wọn tán.

"Ràfíátù, iná tó o gbé wá yìí ti ń kú. Inú tánkì mi ti ṣókùnkùn."

"Àlàájì, iná yẹn kò tíì pẹ́ rárá. Ṣé kì í ṣe pé iná ìjọba ló lọ sílẹ̀?"

"Fáànù ń yí, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀. Iná tìrẹ ló ń kú. Wá wò ó."

Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí débi pé mo mọ ohùn oníbàárà tó ń bẹ̀bẹ̀ yàtọ̀ sí ti èyí tó ń wá ìjà. Ti Àlàájì lọ́jọ́ náà kò jọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ̀rù ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí jù láti rò ó. Mo nu ọwọ́ mi, mo wọ bọ́ọ̀sì akérò tí à ń pè ní trotro lọ sí Bantama, àdúgbò wọn ní Kumasi.

Nígbà tí mo bá sọ fún èèyàn pé ẹja ni mò ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n á bi mí bóyá tútù ni mò ń tà àbí èyí tó ti gbẹ. Èyí tó wà láàyè ni. Mò ń ta ẹja ọ̀ṣọ́, mo sì ń tọ́jú àwọn tánkì gíláàsì tí wọ́n ń sìn wọ́n sí nínú ilé, nínú báńkì àti nínú hòtẹ́ẹ̀lì. Bàbá bàbá mi ló ti Ìlọrin wá sí Ghana. Àdúgbò Sawaba ní Kumasi ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ń gbé. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Adum, àárín ìlú, láàárín ẹni tó ń ta fóònù àti ẹni tó ń ta fáànù, ariwo àwọn méjèèjì kì í sì í jẹ́ kí n sùn lọ́sàn-án bí mo tilẹ̀ fẹ́. Ọwọ́ ọ̀gá mi ni mo ti gba ṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin Ashanti kan tí gbogbo wa ń pè ní Wòfa Kwame. Wòfa ni wọ́n ń pe àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni lọ́kùnrin ní èdè Twi, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí sí mi títí ó fi kú.

Ẹja odò kò le sìn. Ẹ fún un lómi tó mọ́, ẹ bọ́ ọ níwọ̀n, ó tán. Iyùn ló ń fọ́ èèyàn lórí. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tí àwọn ìyá wa ń fi sọ́rùn, egungun ohun ẹlẹ́mìí kan ni. Nínú òkun, iyùn wà láàyè, ó ń jẹun, ó ń dàgbà, ó ń ya ẹ̀ka bí igi. Inú ara rẹ̀ ni ewé wẹ́wẹ́ kan ń gbé tí ojú lásán kò lè rí. Ewé yìí ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, òun àti iyùn á sì jọ jẹ ẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré jù, ebi á pa àwọn méjèèjì, iyùn á ṣú bí ẹrẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, iyùn á lé ewé náà jáde lára rẹ̀, á wá funfun bí aṣọ tí bílíìṣì jẹ. Ìdí nìyẹn tí iná orí tánkì iyùn kì í fi í ṣe ọ̀ṣọ́. Oúnjẹ ni.

Àwọ̀ rẹ̀ náà tún ṣe pàtàkì. Bí oòrùn bá tàn wọ inú òkun, pupa inú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń tán, búlúù ló ń lọ jìnnà jù, búlúù sì ni ara iyùn mọ̀. Àmọ́ ojú oníbàárà kì í fẹ́ búlúù. Máníjà hòtẹ́ẹ̀lì kan wà tó ní kí n fi iná aláwọ̀ osùn sórí tánkì òun nítorí àwọn tó ń wá ṣe ìgbéyàwó. Mo ṣe é bó ṣe fẹ́. Láàárín ìgbà díẹ̀ àwọn ẹja dà bí ẹran tí wọ́n gbé kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù alápatà, iyùn ibẹ̀ sì kú tán. Nígbà tí Wòfa Kwame gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ fún mi pé, "Ràfíátù, kì í ṣe ojú máníjà lo gba owó láti bọ́."

Àlàájì Jímọ̀ yàtọ̀ sí àwọn oníbàárà yòókù. Àlàájì náà jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Ghana bíi tèmi, wọ́n sì ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi láti èbúté Tema. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé abẹ́ ọkọ̀ ni àwọn gbé, àwọn kò rí òkun, ariwo irin nìkan ni àwọn ń gbọ́. Ó wá di ọjọ́ kan tí ẹ́ńjìnnì wọn bàjẹ́ nítòsí erékùṣù kan. Bí wọ́n ti ń tún un ṣe lọ́wọ́, wọ́n jáde wá síta láti mí, wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n sì rí iyùn nínú omi tó mọ́ bíi gíláàsì, pẹ̀lú àwọ̀ tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, tí wọ́n padà sí Kumasi níbi tí a kò ti ní òkun kankan, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wá sí Adum, wọ́n ní kí n ṣe é fún àwọn nínú pálọ̀. Iyọ̀ rẹ̀, láti Accra ló ń wá. Iyùn náà, ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbé e wá sí Accra kí n tó lọ gbà á. Iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi jù ni, òun náà ló sì ń rẹ̀ mí jù.

Ìyàwó wọn, Hájíà Àmínà, kò fẹ́ràn tánkì náà. Ọmọ Ashanti ni Hájíà, Bantama gan-an ni wọ́n bí wọn sí, ọ̀dọ̀ ọkọ ni wọ́n ti gba ẹ̀sìn tí wọ́n sì ti kọ́ Yorùbá. Ìgbàkígbà tí mo bá dé, kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò, bóyá omi iyọ̀ mi ti kán sí i.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, nígbà tí mo wọlé, mo rí i pé iná ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ débi pé mo ní láti di ojú díẹ̀ kí n tó lè wò ó. Iyọ̀ ti gbẹ mọ́ gíláàsì tó bò ó, bó ṣe máa ń rí, mo bá nù ún kúrò.

"Ẹ wò ó nísinsìnyí, Àlàájì."

Wọ́n gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tó ń fetí sí nǹkan. "Ó sàn díẹ̀. Àmọ́ kò tó. Nígbà kan rí mo máa ń rí gbogbo rẹ̀ láti orí àga mi."

Wọ́n dìde láti sún mọ́ ọn, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ gbá garawa mi tó wà láàárín ilé gbalaja. Omi dà sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ta ló gbé èyí síbí?"

"Agyei!" Hájíà ké yéè ní Twi, wọ́n sáré wá pẹ̀lú aṣọ ìnulẹ̀. "Me nua, àbúrò mi, mo ti sọ fún ọ, má gbé garawa sójú ọ̀nà!"

Mo tọrọ àforíjì. Gbogbo ìgbà ni garawa mi máa ń wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tí mo lè sọ lórí kápẹ́ẹ̀tì tó ti rin.

Àlàájì ní kí n wá iná kejì. Mo ṣàlàyé pé iyùn wọn kò nílò rẹ̀, pé èyí tó wà níbẹ̀ tó, ó tilẹ̀ fẹ́ẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n ní ilé àwọn ni, ojú àwọn sì ni àwọn fi ń wò. Mo jiyàn títí, ó rẹ̀ mí, mo gbà. Mo lọ ra iná LED tó le, irú èyí tó ní kókó méjì lára, ọ̀kan fún funfun, ọ̀kan fún búlúù, kí èèyàn lè fi ọwọ́ yí i sókè tàbí sílẹ̀. Mo gbé e kọ́ sókè réré, mo yí kókó méjèèjì wálẹ̀ gan-an. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, nítorí iyùn tí a bá ṣàdédé tan iná tó le sí, bí ẹni tó jáde láti inú yàrá sínú oòrùn ọ̀sán láìní fìlà ló ń rí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Hájíà ló tún pè mí. "Wá o. Àwọn nǹkan rẹ ti ń funfun."

Mo mọ ohun tí màá bá kí n tó débẹ̀. Iyùn tó ga jù, tó ya ẹ̀ka bí ìwo àgbọ̀nrín, ti funfun láti orí dé ìdajì. Àwọn tó tẹ̀ lé e ti ń ṣí láwọ̀. Mo wo iná, wọ́n ti yí kókó funfun dé òpin. Mo yí i wálẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án!" Àlàájì pariwo. N kò gbọ́ kí wọ́n pariwo rí. "Òkùnkùn ló pa wọ́n, o tún fẹ́ fi kún òkùnkùn!"

"Àlàájì, iná ló jó wọn. Ẹ wò wọ́n, wọ́n ti funfun."

"Mò ń wò wọ́n! Ìwọ ni kò wò wọ́n. Ó ti rẹ̀ ọ́, Ràfíátù. Iṣẹ́ yìí ti ju agbára rẹ lọ. Bó bá jẹ́ Wòfa ló wà láàyè ni, ó ti mọ̀ pé tánkì yìí ṣókùnkùn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, nítorí apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ó rẹ̀ mí. Èjìká ọ̀tún mi kì í gbé apá sókè mọ́ kọjá etí, àwọn ìka mi ti là nítorí iyọ̀. Nígbà tí dumsor bá sì dé, tí iná ìjọba ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe wù ú, mo máa ń sá láti tánkì dé tánkì bí nọ́ọ̀sì tí aláìsàn rẹ̀ pọ̀ jù. Mo kó garawa mi. Hájíà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, wọn kò wo ojú mi.

Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kejì, mo sì ń rò ó bóyá kí n jọ̀wọ́ tánkì Àlàájì fún ẹlòmíràn. Ohun tí kò jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn iyùn tó ń kú lọ nínú omi yẹn kọ́ ló bú mi. Mo pe ẹni tí mo ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Accra, mo yá ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀. Èèyàn á ri orí ẹ̀rọ náà sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn, ẹ̀rọ á sì sọ iye ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ibẹ̀. Mo rò pé bí Àlàájì bá rí i lójú ẹ̀rọ, ìjà á parí. Ẹni tó bá ẹ́ńjìnnì lò gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, á gba ohun tí ẹ̀rọ bá wí.

Nígbà tí mo dé ilé Àlàájì, ìbínú wọn ti lọ. Wọ́n jókòó sórí àga wọn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ojú wọn sí tánkì. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn pẹ̀lẹ́.

"Ràfíátù, má bínú sí mi fún ti ọjọ́ yẹn. Àmọ́ ó dùn mí pé o kò sọ fún mi pé ẹja yẹ́lò ti kú."

"Ẹja yẹ́lò wo, Àlàájì?"

"Èyí tá a ra pẹ̀lú tánkì. Ó ti pẹ́ tí n kò rí i. Mo rò pé ìwọ àti Hájíà ni ẹ yọ ọ́ tí ẹ jù ú nù, kí inú mi má baà bàjẹ́."

Mo wo tánkì. Ẹja yẹ́lò wà ní igun òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń ti omi, níbi tó máa ń wà látìgbà tí mo ti gbé e débẹ̀. Ó mọ́lẹ̀ bí ọsàn tó pọ́n. Ó ń yí po níwájú wọn gan-an.

Hájíà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Wọ́n wo ẹja, wọ́n wo ọkọ wọn, wọ́n wá wò mí. Wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ẹ̀rọ ìwọnmọ́lẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, n kò tilẹ̀ tàn án. Garawa tí wọ́n gbá wá sí mi lọ́kàn, àti bí wọ́n ṣe ń gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo rí i pé ẹnìkan ní láti sọ ọ́. Hájíà kò lè sọ ọ́, ojú wọn ti kún fún omi. Èmi tí mo jẹ́ àbúrò fún wọn, tí wọ́n fẹ́ẹ̀ lé jáde níjọ́sí, ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹja yẹ́lò kò kú."

"Níbo ló wà?"

"Ọwọ́ òsì yín. Níbi ẹ̀rọ omi."

Wọ́n wo ibẹ̀. Wọ́n yí orí sí i, wọ́n tún yí i pátápátá, títí ojú wọn ọ̀tún fi kọjú sí igun náà. Wọ́n rí i. Mo mọ̀ pé wọ́n rí i nítorí ọwọ́ tí wọ́n fi ń ka tẹ̀sùbáà dúró.

"Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà yìí?"

"Kò kúrò níbẹ̀ rí."

Wọ́n gbé tẹ̀sùbáà lé itan.

"Kì í ṣe iná," wọ́n sọ níkẹyìn.

"Kì í ṣe iná, Àlàájì."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀," ni Hájíà sọ láti ibi tí wọ́n wà. "Ẹ máa ń da tíì sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀pù. Ẹ ní ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n. Mo fẹ́ gbà pé ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n."

Àlàájì na ọwọ́ sí mi kí n ran àwọn lọ́wọ́ láti dìde. "Wallahi, n kò fẹ́ lọ sí ọsibítù. Ẹ gbé mi lọ kí n tó yí ọkàn padà."

Ilé ìwòsàn ńlá kò jìnnà sí wọn. A wọ takisí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi sì wà níwájú pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọnmọ́lẹ̀ lórí itan mi, nítorí mo gbàgbé láti gbé e sílẹ̀. Èrò pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú. A jókòó, a dìde, a tún jókòó. Dókítà tó yẹ wọ́n wò fara balẹ̀, ó fi Twi bá Hájíà sọ̀rọ̀, ó sì ń dúró kí n túmọ̀ ibi tó bá ta kókó fún Àlàájì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àlàájì gbọ́ Twi jù mí lọ. Mo rò pé ìgbà méjì ni wọ́n fẹ́ gbọ́ ọ. Gúlákómà ni. Àìsàn yìí kì í dun èèyàn. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń jẹ ojú bọ̀, ẹni tó ń ṣe kì í sì í mọ̀, nítorí ọpọlọ á máa dí ibi tó ti ṣófo. Ojú òsì ti fẹ́ẹ̀ lọ tán. Ti ọ̀tún ṣì kù ní àárín. Ohun tó ti lọ kò ní padà, àmọ́ oògùn wà tí wọ́n á máa kán sójú lójoojúmọ́ kí èyí tó kù má baà tètè lọ.

Nínú takisí tí a wọ̀ padà, Àlàájì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Àwọn tó funfun yẹn, ṣé wọ́n á yè?"

"Mi ò mọ̀, Àlàájì. Àwọn kan á yè, in ṣa Allahu."

"Yọ iná tèmi kúrò. Ṣe èyí tó bá yẹ wọ́n. Má bi mí mọ́."

Mo ṣe é lọ́jọ́ kejì. Mo tú iná kejì kúrò, ìgbà yẹn ni mo wá ri orí ẹ̀rọ ìwọnmọ́lẹ̀ sínú omi. Iye tó gbé jáde láti ara iná àkọ́kọ́ nìkan tó fún iyùn tó lágbára jù. Méjèèjì pa pọ̀ ti jẹ́ iná ìdáná. Àmọ́ mo tú iná àkọ́kọ́ náà kúrò, nítorí funfun nìkan ló mọ̀, kò sì ní kókó tí a lè fi dín in kù. Mo gbé iná kejì, oníkókó méjì náà, padà kọ́ sókè bí mo ṣe kọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́, mo ta nẹ́ẹ̀tì tín-ínrín sábẹ́ rẹ̀ kí ó gba díẹ̀ nínú agbára rẹ̀. Àwọn iyùn tó rọ̀, tó ń mi bí ìka ọwọ́ nínú omi, mo kó wọn sí ìsàlẹ̀, sábẹ́ òjìji òkúta. Àwọn tó le bí egungun, tí wọ́n sì fẹ́ ìmọ́lẹ̀ jù, mo fi wọ́n sílẹ̀ lókè, àyàfi èyí tó dà bí ìwo àgbọ̀nrín. Ìyẹn ti kú. Mo gé ẹ̀ka kékeré kan tó ṣì ní àwọ̀ lára rẹ̀, mo fi àtè lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta, mo sì gbàdúrà.

Mo sọ fún Hájíà pé kí wọ́n máa pa funfun tí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí búlúù nìkan máa tàn títí dé ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹun alẹ́, kí iyùn lè sinmi láìjẹ́ pé ebi pa á. Èmi fúnra mi ló kọ́kọ́ ṣe é láti fi hàn wọ́n. Àlàájì wà lórí àga wọn, wọn kò wo tánkì rárá. Láti ọjọ́ tí a ti ọsibítù dé ni wọ́n ti yí àga náà kọjú sí ògiri. Mo yí kókó funfun wálẹ̀ títí ó fi kú. Pálọ̀ ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Búlúù nìkan ló kù.

Ẹni tí kò bá rí i rí kò lè mọ̀. Ara iyùn máa ń gba búlúù, á sì fi àwọ̀ mìíràn dá a padà. Ní ọ̀sán, funfun máa ń bo èyí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tí búlúù bá dá wà, omi á dúdú, òkúta á dúdú, iyùn nìkan á sì máa tàn láàárín rẹ̀, àwọn kan bí ewé tútù, àwọn kan bí ẹyín iná. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tó bẹ́ẹ̀ tí n kì í wò ó mọ́. Mò ń ká wáyà lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn Àlàájì lẹ́yìn mi.

"Kí lẹ tàn síbẹ̀ yẹn?"

Mo yíjú padà. Wọ́n ti yí àga wọn láti ara ògiri, wọ́n sì tẹ̀ síwájú.

"N kò tan nǹkan kan, Àlàájì. Mo pa iná kan ni."

"Mo rí nǹkan kan. Ó rí roboto, ó ń tàn bí ewé. Òmíràn wà lókè rẹ̀, ó pupa. Méjì ni. Rárá, mẹ́ta." Wọ́n na ìka. Ìka náà tọ́. "Mò ń rí i láti ibi tí mo jókòó."

Nígbà tí iná pọ̀, gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ bákan náà, ojú tó ti rẹ̀ kò mọ èyí tí yóò mú. Nísinsìnyí tí gbogbo ohun tó kù ti dúdú, èyí tó wà láàyè nìkan ló ń pè é. N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Iyùn ni mo ro tí mo fi pa funfun, n kò rò ó fún ojú ẹnikẹ́ni.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí èyí ṣẹlẹ̀. Mo ti dín oníbàárà mi kù, mo ti fi àwọn hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ fún àwọn tí èjìká wọn ṣì ń gbéra. Nígbà míì mo máa ń bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ta fóònù, kí ó lè lọ kírun. Tí ẹnìkan bá wọlé tó ní kí n fún òun ní iná iyùn tó dára jù, mo máa ń ní kó jókòó ná, kó sọ ohun tó wà nínú omi rẹ̀ fún mi, àti ìgbà tó máa ń ráyè jókòó wò ó. Púpọ̀ nínú wọn rò pé mò ń fi àkókò àwọn ṣòfò.

Ilé Àlàájì ni mo ṣì ń lọ. Ojú wọn kò sàn. Ó tilẹ̀ ti dín sí i díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Hájíà kì í jẹ́ kí wọ́n gbàgbé oògùn. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo pa omi dà, mo fọ gíláàsì, mo nu iyọ̀ kúrò lára iná. Ó rẹ̀ mí, ẹ̀yìn mi kò fẹ́ nà mọ́. Bí mo ti ń kó ẹrù mi, oòrùn ń wọ̀, Hájíà wá pa funfun láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Wọ́n fa àga kan sún mọ́ ti ọkọ wọn, wọ́n jókòó. Wọn kò wo kápẹ́ẹ̀tì.

"Kí ló wà ní ọwọ́ òsì?" Àlàájì bi wọ́n.

"Hwɛ, ẹ wò ó, èyí tó dà bíi kábéèjì ti là gan-an. Ó ti tóbi ju ti àná lọ."

"Àwọ̀ wo?"

"Yẹ́lò."

"Kò lè jẹ́ yẹ́lò. Ewé ni àwọ̀ rẹ̀, èmi ni mo rà á."

"Àlàájì, èmi ni mo ní ojú!"

"O ní ojú, o ò mọ àwọ̀!"

Mo dágbére fún wọn. N kò rò pé wọ́n gbọ́. Mo gbé garawa mi, mo fa ilẹ̀kùn dè jẹ́jẹ́, mo sì sọ̀ kalẹ̀ lọ wá trotro, kí n lè tètè délé kí n fi omi gbígbóná sí èjìká mi.